Ọjọ́ Ìbí Olúwa: Ìdí Tí Àwọn Onígbàgbọ́ Kò Fi Ṣe É Bákan Náà



Bí ọdún bá ti ń parí lọ, tí a sì ń tan àbẹ́là Àdífẹ́ǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú pẹpẹ, ìbéèrè kan a máa tọ ọ̀pọ̀ nínú yín wá. Ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé, tàbí lẹ́nu ẹni tí ń pín ìwé kékeré láti ojúlé dé ojúlé, tàbí, èyí tí ó dunni jù, lẹ́nu àbúrò tí ẹ jọ mu ọmú kan náà dàgbà. Wọn a ní, "Níbo ni ẹ ti rí Kérésìmesì nínú Bíbélì? Ta ni ó sọ fún yín pé ọjọ́ 25 oṣù Dìsẹ́ḿbà ni a bí Jésù? Ẹ kò mọ̀ pé ọdún àwọn abọ̀rìṣà Róòmù ni?" Ẹni tí kò ní èsì lẹ́nu a máa fi ìbínú rọ́pò èsì. Àwọn ilé wà tí ìyá ti ń se ìrẹsì ọdún, tí ọmọ rẹ̀ sì tìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ nínú yàrá, nítorí pé ìjọ tí ó ń lọ ti kọ́ ọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ó tọ́ oúnjẹ náà wò. Ìyá ń sunkún ní ilé ìdáná. Ọmọ kò sì láyọ̀ nínú yàrá.

Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe òkò tí a fẹ́ kí ẹ sọ lu ẹnikẹ́ni. A fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ìyàtọ̀ náà ti ṣẹ̀, kí ẹ lè dáhùn láìtijú, kí ẹ sì lè dáhùn láìbú ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ohun tí ó jẹ́ òtítọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí a bí Olúwa wa. Ìjọ Mímọ́ kò fi ìgbà kankan kọ́ni pé Ọlọ́run fi ọjọ́ náà hàn án. Mátíù Mímọ́ sọ fún wa pé ní ayé Hẹ́rọ́dù ọba ni, ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ti Jùdíà. Lúùkù Mímọ́ fi kún un pé Késárì Ògọ́sítù pàṣẹ pé kí a ka àwọn ènìyàn, àti pé àwọn olùṣọ́ àgùntàn wà ní pápá ní òru ọjọ́ náà. Oṣù kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Báyìí gan-an ni àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́ orí. Bí ẹ bá bi arúgbó kan léèrè ìgbà tí a bí i, yóò wí fún yín pé ọdún tí eṣú jẹ oko run ni, tàbí ọdún tí ọba báyìí wàjà. Nígbà tí ìwé ìjọba àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ dé, tí akọ̀wé sì ní dandan ni kí òun kọ ọjọ́ kan sílẹ̀, wọ́n yan ọjọ́ kan fún un. Ọjọ́ tí a yàn yẹn ni àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ń pé jọ bá a dúpẹ́ lọ́dọọdún. Ǹjẹ́ a rí ẹni tí yóò dìde ní àárín àpèjẹ pé nítorí pé ẹnìkan ni ó yan ọjọ́ náà, a kò bí bàbá yìí rárá?

Ọdún gan-an pàápàá kò dá wa lójú. Mọ́ńkì kan tí ń jẹ́ Dionysius, tí ó gbé ní Róòmù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún láti ìgbà ìbí Olúwa. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn sì gbà pé Hẹ́rọ́dù ti kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú ibi tí mọ́ńkì náà ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀. A jẹ́ pé ọdún tí a kọ sí orí ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí ní àṣìṣe díẹ̀ nínú, kò sì sí ẹni tí ó tìtorí rẹ̀ kọ̀ láti fi déètì sí ìwé.

Àwọn Kristẹni ìgbà àkọ́kọ́ kò ṣe ọdún ìbí Olúwa. Ikú àti àjíǹde rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ní nǹkan bí ọdún 200, Clement ará Alẹkisáńdríà kọ̀wé pé àwọn kan wà tí wọ́n ń wádìí ọjọ́ ìbí náà, tí wọ́n sì fi í sí ọjọ́ kan nínú oṣù Pachon ti àwọn ará Íjíbítì, èyí tí í ṣe ọjọ́ 20 oṣù Méè lọ́dọ̀ wa. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìtọpinpin wọn ti pọ̀ jù lójú òun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Origen, olùkọ́ ńlá, sọ nínú ìwàásù rẹ̀ pé nínú Ìwé Mímọ́, àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ bí Fáráò àti Hẹ́rọ́dù ni a rí tí wọ́n ṣe àpèjẹ ọjọ́ ìbí. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn yín bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún yín ní òwúrọ̀ Sátidé, kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Nínú ilé wa ni ó ti kọ́kọ́ jáde.

Ìwé kan tí a ṣe ní Róòmù ní 354, tí ó ní àkọsílẹ̀ kan nínú tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti wà láti 336, ni ó kọ́kọ́ fi ọjọ́ 25 Dìsẹ́ḿbà hàn wá ní kedere gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbí Kristi ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Nínú ìwé kan náà, ní ojú ewé mìíràn, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ ìbí Aláìṣeéṣẹ́gun, èyí tí í ṣe oòrùn tí àwọn kèfèrí Róòmù ń sìn. Ọba Aurelian ti kọ́ tẹ́ńpìlì fún oòrùn yìí ní 274. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti sọ pé ńṣe ni àwọn Kristẹni gba ọjọ́ náà lọ́wọ́ kèfèrí, kí wọ́n lè fi Oòrùn òdodo rọ́pò oòrùn ojú ọ̀run. Àwọn mìíràn ní rárá, ìṣirò ni. Wọ́n ní àwọn baba àtijọ́ gbà pé ọjọ́ 25 oṣù Máàṣì ni a kan Olúwa mọ́ àgbélébùú, àti pé ọjọ́ kan náà ni a lóyún rẹ̀. Augustine Mímọ́ kọ irú rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀ lórí Mẹ́talọ́kan. Ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án láti ọjọ́ Ìkíni Áńgẹ́lì yẹn, ẹ óo sì bọ́ sí ọjọ́ 25 Dìsẹ́ḿbà gẹ́lẹ́.

Àríyànjiyàn lórí méjèèjì kò tíì parí láàárín àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n bí ti kìíní bá tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, èmi kò rí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ wa ni ó jẹ́ pé igbó tí ará ìlú ń bẹ̀rù ni wọ́n fi ta àwọn míṣọ́nnárì lọ́rẹ, wọ́n rò pé wọn kì yóò pẹ́ níbẹ̀. Níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ wà lónìí, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé igbó ni a ń bọ. Òyìnbó fi orúkọ oòrùn pe ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ń bá wa jà lórí Kérésìmesì kò kọ̀ láti lọ sí ìsìn ní ọjọ́ náà.

Ọjọ́ tí Róòmù yàn kò sì dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Áńtíókù ní 386, Jòhánù Ẹlẹ́nu-Wúrà, tí ń wàásù ní ọjọ́ àjọ̀dún náà, sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kò tíì tó ọdún mẹ́wàá tí àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ó ní òun mọ̀ pé wọ́n ń jiyàn lé e lórí: àwọn kan ní nǹkan tuntun ni, àwọn mìíràn ní ó ti pẹ́ ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn. Bí ẹ bá rò pé ní ìran tiwa ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiyàn lórí Kérésìmesì, ẹ rántí ìwàásù yẹn. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn ní ọjọ́ tiwọn tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 6 oṣù Jánúárì, tí wọ́n fi ń ṣe àjọ̀dún Ìfarahàn Olúwa. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gba ọjọ́ 25 Dìsẹ́ḿbà mọ́ ọn. Ìjọ àwọn ará Àméníà nìkan ni kò yí padà. Títí di òní, ọjọ́ 6 Jánúárì ni wọ́n fi ń ṣe ìbí Olúwa pọ̀ mọ́ ìrìbọmi rẹ̀ ní odò Jọ́dánì, nítorí ẹni tí a bí ní ibùjẹ ẹran àti ẹni tí ohùn Baba bà lé ní etí odò, ẹnìkan ṣoṣo ni.

Nísinsìnyí a dé orí ọ̀rọ̀ tí ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ lórí rédíò pé àwọn ará Rọ́ṣíà ń ṣe Kérésìmesì ní ọjọ́ 7 Jánúárì. Wọ́n a ní, "Àwọn wọ̀nyí tún gbà pé ọjọ́ mìíràn ni a bí Jésù." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ti Rọ́ṣíà, ọjọ́ 25 Dìsẹ́ḿbà ni wọ́n ń ṣe é. Kaléńdà ìjọ wọn ni ó yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lára ògiri yín.

Julius Caesar ni ó ṣe kaléńdà àtijọ́ náà. Ó ka ọdún kan sí ọjọ́ 365 àti wákàtí mẹ́fà. Ọdún gan-an kò tó bẹ́ẹ̀; ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá dín. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá kò jọ nǹkan lójú ẹni tí ń dúró de ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di nǹkan bí ọdún 128, ó ti di odindi ọjọ́ kan. Nígbà tí yóò fi di ayé Póòpù Gregory Kẹtàlá, àṣìṣe náà ti di ọjọ́ mẹ́wàá, ọdún Àjíǹde sì ti ń sún kúrò ní ipò rẹ̀. Ní 1582 Póòpù pàṣẹ pé kí a fo ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí wọ́n sùn ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀kìtóbà jí ní ọjọ́ 15. Òru yẹn gan-an ni Tèrésà Mímọ́ ti Ávila kú ní Spéìn, wọ́n sì sin ín ní ọjọ́ kejì, tí ó ti di ọjọ́ 15. Ìdí nìyẹn tí ọdún rẹ̀ fi bọ́ sí ọjọ́ 15 Ọ̀kìtóbà lọ́dọ̀ wa.

Nítorí pé Póòpù ni ó pàṣẹ, àwọn tí kò sí lábẹ́ Póòpù kò yára gbà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á títí di 1752. Ìjọba Rọ́ṣíà gbà á ní 1918, ṣùgbọ́n ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti ilẹ̀ náà kò gbà á fún àjọ̀dún rẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ti Sábíà, ti Jọ́jíà àti ti Jerúsálẹ́mù. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Gíríìsì àti ti Ròmáníà yí tiwọn padà ní 1924, wọ́n sì ń bá wa ṣe Kérésìmesì ní ọjọ́ kan náà. Ìyàtọ̀ kaléńdà méjèèjì ti di ọjọ́ mẹ́tàlá báyìí. Ní 2100 yóò di mẹ́rìnlá. Ẹni tí ó bá wà láyé ní ọdún tí ó tẹ̀lé e yóò rí i pé ọjọ́ 8 Jánúárì ni wọn yóò máa ṣe é, bí wọn kò bá tíì yí ọkàn padà. Àwọn ará Íjíbítì tí a ń pè ní Kọ́pítì àti àwọn ará Etiópíà ní kaléńdà tiwọn lọ́tọ̀, tí oṣù inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlá, àjọ̀dún wọn náà sì ń bọ́ sí ọjọ́ 7 Jánúárì.

Bí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo èyí ní ojú kan, Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni kí ẹ lọ. Lórí ihò tí a gbà pé a ti bí Olúwa ni Constantine ọba kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, Justinian ọba sì tún un kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà kò lè wọlé láì-bẹ̀rẹ̀. Ìjọ mẹ́ta ni ó jọ ni ín: Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Gíríìkì, àwa Kátólíkì nípasẹ̀ àwọn ọmọ Fráńsísì Mímọ́, àti àwọn ará Àméníà. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 Dìsẹ́ḿbà, Pátríákì wa máa ń wá láti Jerúsálẹ́mù láti ṣe Mísà òru ní ṣọ́ọ̀ṣì Katẹrínà Mímọ́ tí ó fara ti èyí àtijọ́ náà. Ní ọjọ́ 6 Jánúárì Pátríákì ti Gíríìkì yóò dé, àwọn Kọ́pítì, àwọn ará Síríà àti àwọn ará Etiópíà yóò sì ṣe tiwọn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 18 Jánúárì ni ti àwọn ará Àméníà, nítorí kaléńdà àtijọ́ ni wọ́n ń lò ní Ilẹ̀ Mímọ́. Ìlú kan, ihò kan, Ọmọ kan, Kérésìmesì mẹ́ta.

Ìbá wù mí kí n sọ pé àlàáfíà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìràwọ̀ fàdákà kan wà ní ilẹ̀ ihò náà, tí ó ní ẹnu mẹ́rìnlá, tí a fi sàmì sí ibi ìbí náà. Ní 1847 wọ́n jí i gbé. Ariwo tí ó dìde láàárín Gíríìkì àti Kátólíkì lórí rẹ̀, àti lórí ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ dání, wà lára ohun tí ó fa ogun Kìríméà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1853, nítorí Rọ́ṣíà gbè sẹ́yìn ìhà kan, Faransé sì gbè sẹ́yìn ìhà kejì. Ní ọjọ́ 28 Dìsẹ́ḿbà 2011, àwọn mọ́ńkì Gíríìkì àti ti Àméníà ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́ dè àjọ̀dún tiwọn. Wọ́n jìjàdù ibi tí ìgbálẹ̀ ìhà kan yẹ kí ó dé, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ na ara wọn títí ọlọ́pàá fi wọlé. Gbogbo wọn ni ó gbàgbọ́ pé Ọmọ Ọlọ́run ni a bí níbẹ̀. Ẹ wò ó, ìgbàgbọ́ tí ó pé pérépéré lè wà lọ́kàn ènìyàn, kí igi ìgbálẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí pín sí Kátólíkì lápá kan, àwọn yòókù lápá kejì. Àwọn ará Ukréènì tí wọ́n jẹ́ Kátólíkì bíi tiwa, tí wọ́n ń dárúkọ Póòpù nínú Mísà, ọjọ́ 7 Jánúárì ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ṣe Kérésìmesì láti ìran dé ìran, Bàbá Mímọ́ kò sì pè wọ́n ní aṣòdì. Nígbà tí ogun dé, tí Rọ́ṣíà sì wọ ilẹ̀ wọn ní 2022, ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ jọ bá Moskow ka ọjọ́ mọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà 2023 ni Ìjọ Kátólíkì ti Gíríìkì ní Ukréènì àti Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Ukréènì ti gba kaléńdà tuntun, ìjọba wọn sì fi ìsinmi ọdún náà sí ọjọ́ 25 Dìsẹ́ḿbà. Ẹ fojú inú wo arúgbó obìnrin kan níbẹ̀ tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbààwẹ̀ dé ọjọ́ 6 Jánúárì, tí wọ́n wá ní kí ó tún ẹ̀sìn rẹ̀ kà ní ọjọ́ mẹ́tàlá ṣáájú.

Àwọn tí a ti sọ̀rọ̀ wọn títí di ibí yìí ń ṣe ọdún náà. Ọjọ́ ni kò bára mu. Àwọn tí kò fẹ́ ṣe é rárá ni ó kù, àwọn ni wọ́n sì sún mọ́ wa jù.

Àwọn Pùrítánì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni baba wọn. Wọ́n ní ohun tí Bíbélì kò pa láṣẹ, kí ìjọ má ṣe é. Orúkọ náà gan-an tún ń bí wọn nínú, nítorí Mísà Kristi ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n sì kórìíra Mísà. Ní 1647 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi òfin pa Kérésìmesì rẹ́. Ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún náà, àwọn ará ìlú Canterbury dìde ìjà nígbà tí wọ́n ní kí ìsọ̀ ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ ọdún. Nígbà tí ọba padà sórí ìtẹ́ ní 1660 ni ọdún náà padà bọ̀ sípò. Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, láti 1659 títí di 1681, owó ìtanràn ṣílè márùn-ún ni ẹni tí a bá mú pé ó ṣe Kérésìmesì yóò san. Ní Skọ́tílándì, níbi tí àwọn alátùn-únṣe ti pa á tì láti 1560, Kérésìmesì kò di ọjọ́ ìsinmi ìjọba títí di 1958.

Ní ọjọ́ tiwa, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ṣe Kérésìmesì ìkẹyìn ní oríléeṣẹ́ wọn ní Brooklyn ní 1926, wọ́n sì pa á tì. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìjọ Deeper Life, èyí tí W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1973 pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, kì í ṣe é. Ìpàgọ́ àdúrà àti ẹ̀kọ́ ni àwọn ọmọ ìjọ náà máa ń lọ ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da àwọn méjèèjì yìí pọ̀. Ẹlẹ́rìí Jèhófà kò gbà pé Jésù bá Baba dọ́gba ní jíjẹ́ Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tí ó wà láàárín àwa àti wọn jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ lọ, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà láti bá wa kọrin lọ́la, kò tíì yanjú. Ṣùgbọ́n ọmọ yín tí ó wà ní Deeper Life gbàgbọ́ pé Ọlọ́run di ènìyàn nínú Wúndíá Màríà. Ohun tí ọdún náà ń kéde gan-an ni ó dì mú. Ọdún ni kò ṣe. A sì mọ àwọn mìíràn láàárín wa tí wọ́n ń ṣe ọdún náà pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́, tí kò ní nǹkan tí wọ́n lè sọ bí a bá bi wọ́n pé ta ni ẹni tí a bí. Lójú mi, ẹni kìíní ni ó sún mọ́ ibùjẹ ẹran.

Ìdí nìyí tí Ìyá Ìjọ fi pàṣẹ pé ní Mísà Kérésìmesì, nígbà tí a bá ń ka Ìgbàgbọ́, tí a sì dé ibi tí ó sọ pé Ọmọ Ọlọ́run di ènìyàn, kí gbogbo wa kúnlẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi yòókù, títẹ̀ ba nìkan ni a ń ṣe. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni ọkàn ọdún náà. Àwa kò kúnlẹ̀ fún ọjọ́ 25.

Bí wọ́n bá wá bi yín pé níbo ni Ọlọ́run ti pàṣẹ rẹ̀, èsì kan wà tí Kátólíkì ní tí ó yẹ kí ó mọ̀. Ẹ ṣí Jòhánù Mímọ́, orí 10, ẹsẹ 22. Ẹ óo rí i pé ìgbà òtútù ni, ní àjọ̀dún Ìyàsímímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, Olúwa wa sì ń rìn nínú tẹ́ńpìlì. Àjọ̀dún wo nìyí? Ẹ wá a nínú gbogbo ìwé Mósè, ẹ kò ní rí i. Nínú Ìwé Kìíní àwọn Mákábì, orí 4, ni ó wà, ìwé tí ó wà nínú Bíbélì tiwa, tí àwọn Pùrọ́tẹ́sítáǹtì sì yọ kúrò nínú tiwọn. Àwọn kèfèrí ti rúbọ sí òrìṣà lórí pẹpẹ Ọlọ́run. Nígbà tí Júdásì Mákábì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣẹ́gun, ní 164 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n mọ pẹpẹ tuntun, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní ọjọ́ kan náà tí àwọn kèfèrí ti sọ ọ́ di àìmọ́, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án wọn. Wọ́n sì fi í lélẹ̀ pé kí á máa ṣe é lọ́dọọdún. Ènìyàn ni ó dá àjọ̀dún náà sílẹ̀. Ọjọ́ ìbọ̀rìṣà ni wọ́n gbà padà. Olúwa wa sì lọ síbẹ̀, kò bá wọn wí. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ka àwọn ibi méjèèjì yìí fún ẹni tí ó bá bi yín.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sì ti sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó ka ọjọ́ kan sí ju òmíràn lọ àti ẹni tí ó ka ọjọ́ gbogbo sí bákan náà. Ó wà nínú Ìwé sí àwọn ará Róòmù, orí 14. Ó ní kí olúkúlùkù dá ara rẹ̀ lójú, kí ẹni tí ń jẹ má sì kẹ́gàn ẹni tí kò jẹ, kí ẹni tí kò jẹ má sì dá ẹni tí ń jẹ lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ náà de àwa méjèèjì. Ẹni tí ó pe Kérésìmesì wa ní ìbọ̀rìṣà ti rú u. Àwa tí a ń fi àbúrò wa ṣe yẹ̀yẹ́ lórí àwo oúnjẹ ti rú u pẹ̀lú.

Apá kan wà nínú ẹ̀sùn wọn tí a kò lè jiyàn rẹ̀. Wọ́n ní ọtí àti àríyá ni ọdún náà. Gregory Mímọ́ ará Násíánsù ti sọ ọ́ fún àwọn ará Kọnsitantinópù ṣáájú wọn, ní nǹkan bí 380, nínú ìwàásù rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún náà gan-an, pé kí wọ́n má fi ìjó, ìmùtípara àti oúnjẹ àṣejù ṣe é bí kèfèrí. Ọkùnrin tí ó yá owó èlé nítorí aṣọ ọdún, tí ó mu ọtí di òru, tí kò sì lè jí fún Mísà òwúrọ̀, òun ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn Pùrítánì.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù, èyí tí àwọn ìyá máa ń bi wá: "Ọmọ mi tí kò bá wa ṣe ọdún, ṣé kí n fipá mú un jẹun ni, tàbí kí n lé e jáde?" Ẹ má ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí ó bá ti dàgbà, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ pè é sí Mísà òru lẹ́ẹ̀kan, láìbẹ̀bẹ̀ láìhalẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ gbàdúrà fún un níwájú ibùjẹ ẹran. Bí ó bá sì jáde nínú yàrá ní ọjọ́ kejì tí ebi ń pa á, ẹ má fi ìrẹsì ọdún dán an wò. Ẹ rokà fún un, tàbí kí ẹ gúnyán. Ìyá mọ èyí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn.